Aago Àtijọ́ àti Páàtì Àlejò Inú Rẹ̀

  Ọ̀rọ̀ aago ọwọ́ la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe aago tuntun tí wọ́n ń pàtẹ lọ́jọ́ ọjà o. Aago àtijọ́ ni mo ń wí, irú èyí tí àwọn bàbá wa so mọ́ ọwọ́ nígbà tí wọ́n lọ ya fọ́tò ìgbéyàwó, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń wá kiri lórí fóònù báyìí, tí wọ́n ń rà á ní iye tí yóò ya bàbá náà fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Bí ó ṣe sábà máa ń lọ nìyí. Ọmọkùnrin kan á rí àwòrán aago kan, wọ́n á ní ojúlówó ni, wọ́n á ní láti ọdún gbọ́nhan ló ti wà. Á sanwó. Aago á dé, á sì máa rìn dáadáa. Lọ́jọ́ kan á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún aago ṣe nítorí ó ń sáré jù. Ìyẹn á ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, á gbé awò sójú, á ní: “Ojú aago yìí kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì yìí. Ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ìdérí ẹ̀yìn yìí, ara òmíràn ni wọ́n ti ṣí i.” Ara ọmọ á bù máṣọ. Ṣé wọ́n ti lù ú ní jìbìtì nìyẹn? Ìdáhùn tèmi ni pé a kò tíì lè sọ. A ní láti mọ páàtì wo ni wọ́n pààrọ̀, ká sì mọ ohun tí ẹni tó tà á sọ kó tó gba owó.

Ẹ jẹ́ ká fi Seiko 5 ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó ṣòro kí ẹ rí àgbà tí kò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin ará Jàpáàn kan tó ń jẹ́ Kintaro Hattori ló ṣí ìsọ̀ aago ní Tokyo ní ọdún 1881, ibẹ̀ sì ni Seiko ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1924 ni orúkọ Seiko kọ́kọ́ hàn lójú aago, nígbà tó sì di 1963, Seiko 5 jáde. Márùn-ún tó wà lára orúkọ rẹ̀, ìlérí márùn-ún ni: pé aago náà á máa lọ́ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀; pé ọjọ́ àti déètì á jọ wà nínú fèrèsé kan ṣoṣo; pé omi kò ní tètè wọ̀ ọ́; pé kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí a fi ń yí ọwọ́ aago á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkà mẹ́rin, kò ní í máa gún ọrùn ọwọ́; àti pé ilé rẹ̀ àti ṣéènì rẹ̀ á le. Ẹ fi ọkàn sí ti omi yẹn, a ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Aago yìí kò mọ bátìrì. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀, tó rí bí ìlàjì òṣùpá, tó ń yí sọ́tùn-ún sósì bí ọwọ́ ẹni ṣe ń mì. Òun ló ń ká sípíríǹgì tó ń gbé gbogbo rẹ̀ rìn. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ tàbí tó ń fa àwọ̀n láti ìdájí, aago irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè kú. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sórí tábìlì fún bí ọjọ́ méjì, á dúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí ẹnikẹ́ni má sọ pé aago bàbá òun ti bàjẹ́ kó tó so ó mọ́ ọwọ́ rìn díẹ̀.

Wàyí o, báwo ni páàtì àlejò, ìyẹn èyí tí kò bá aago jáde láti ilé iṣẹ́, ṣe ń wọ inú aago? Ilé iṣẹ́ Seiko fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ọ́mọ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1969, wọ́n gbé aago kan tí wọ́n pè ní Astron jáde ní Tokyo. Òun ni aago ọwọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún aráàlú tó ń fi òkúta quartz ka àkókò, tí bátìrì sì ń gbé e. Owó rẹ̀ jẹ́ 450,000 yẹ́ẹ̀nì, iye tí wọ́n fi ń ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan ní Jàpáàn nígbà yẹn. Kò pẹ́ kò jìnnà, aago oníbátìrì di ohun tí ọmọ iléèwé lè rà. Aago oní-sípíríǹgì wá dà bí ohun tí ayé ti gbàgbé. Ní Súwísíláǹdì, níbi tí iṣẹ́ aago ti jẹ́ iṣẹ́ ìdílé láti ìran dé ìran, àwọn òṣìṣẹ́ tó tó nǹkan bí 90,000 ní 1970 ti kù sí nǹkan bí 30,000 ní àárín àwọn ọdún 1980. Ilé iṣẹ́ tó bá ti kógbá wọlé kì í rọ páàtì mọ́. Èyí tó sì ṣẹ́kù, ọjà tuntun ló ń ṣe. Kò ráyè máa rọ ọwọ́ aago ogójì ọdún sẹ́yìn fún ẹnì kan tó wà létí òkun Ìlàjẹ.

Alátùn-únṣe aago wá ń ṣe bó ti mọ. Tí òkú aago mẹ́ta bá wà nínú agolo rẹ̀, á yọ gíláàsì lára ọ̀kan, á yọ eyín-irin lára èkejì, á yọ ojú lára ẹ̀kẹta, ẹyọ kan á sì jí dìde. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú èyí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì yẹ ká yìn wọ́n. Àìmọye aago tí ì bá ti di ìdọ̀tí ló ṣì wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn nítorí agolo wọ̀nyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yàtọ̀ nìyí, tí mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Páàtì inú aago kì í ṣe oríṣi kan. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀rí ni wọ́n ń jẹ́. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ojú omi mọ èyí dáadáa lára ẹ́ńjìnnì Yamaha. Tí ẹnì kan bá fẹ́ ta ẹ́ńjìnnì àlòkù fún yín, tó sì sọ pé òun ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, pé òun ti pààrọ̀ abẹ̀bẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ ò ní bínú. Inú yín tilẹ̀ lè dùn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo nọ́ńbà ara rẹ̀, tí ẹ rí i pé fáìlì ti ha á dànù, ẹ̀yìn lẹ máa sún. Ẹ́ńjìnnì náà lè máa ké bíi kìnnìún, ẹ ò ní rà á. Kí ló dé? Púlọ́ọ̀gì, iṣẹ́ ló ń ṣe. Nọ́ńbà, ẹ̀rí ló ń jẹ́.

Lára aago, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ni sípíríǹgì, òrùka rọ́bà tó ń dí omi, gíláàsì, okùn tàbí ṣéènì, àti kókó ẹ̀gbẹ́. Gbogbo wọn ló ń gbó. Rọ́bà á gan, gíláàsì á ha, sípíríǹgì á ṣẹ́. Aago tó bá ti lò tó ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ ọ̀kankan nínú wọn, a jẹ́ pé inú àpótí ló ti lo ogójì ọdún yẹn. Ẹni tó bá ń fọ́nnu pé rọ́bà aago òun ṣì ni ti ilé iṣẹ́, mo máa ń wò ó pé kò tíì bá omi pàdé rí.

Àwọn tó ń jẹ́rìí ni ojú aago, ọwọ́ rẹ̀, ilé rẹ̀, àti ìdérí ẹ̀yìn níbi tí wọ́n gbẹ́ nọ́ńbà sí. Àwọn wọ̀nyí ló ń sọ fún wa pé ọdún báyìí ni wọ́n ṣe mí, ilé iṣẹ́ báyìí ló ṣe mí, bí ayé ṣe lò mí rèé. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń san owó àtijọ́ fún, ara wọn ló wà. Tí wọ́n bá pààrọ̀ wọn, aago ṣì lè máa ka àkókò, ṣùgbọ́n ìtàn tí a san owó fún kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nínú gbogbo wọn, ojú aago ni wọ́n ń bà jẹ́ jù, ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ojú aago a máa ṣá. Oòrùn á pa á, ọ̀rinrin á jẹ ẹ́, ojú á máa yọ kókó kéékèèké. Oníṣòwò tó fẹ́ kó tètè tà, á fá ọ̀dà àtijọ́ dànù, á tún un kùn, á tún tẹ orúkọ sí i lára. Ìlú Bombay ní Íńdíà, tí wọ́n ń pè ní Mumbai báyìí, lókìkí nínú iṣẹ́ yìí. Ilé iṣẹ́ HMT ti ìjọba Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe aago ní Bangalore ní 1961, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Citizen ti Jàpáàn. Aago oní-sípíríǹgì pọ̀ lọ jàra ní orílẹ̀-èdè náà, àwọn Seiko 5 sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn aago wọ̀nyí gbó, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wọ́n ní àwọ̀ tí ilé iṣẹ́ kò rò rí: ewé tútù yòò, pupa fòò, àwọ̀ àlùkò. Wọ́n ń tà wọ́n káàkiri ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òmíràn rẹwà o, n kò ní í purọ́. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń rà, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó kàn fẹ́ aago tó ń rìn tí àwọ̀ rẹ̀ sì wù ú, kó rà á kó máa gbádùn rẹ̀. Àmọ́ kó má san owó ojúlówó lé e lórí.

Báwo lẹ ṣe máa dá ojú tí wọ́n tún kùn mọ̀? Ẹ ya awò tí àwọn alátùn-únṣe ń lò, tàbí kẹ́ ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ kẹ́ ẹ fà á tóbi. Lẹ́tà ti ilé iṣẹ́ máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ máa ń mú. Lẹ́tà tí wọ́n tún tẹ̀ máa ń nípọn, inki rẹ̀ a máa tàn wọ ẹ̀gbẹ́. Ẹ wo àwọn ìlà ìṣẹ́jú yípo, bóyá ọ̀kan yẹ̀ lójú òǹkà rẹ̀. Ẹ wo etí fèrèsé déètì, bóyá ọ̀dà ti ṣàn wọ inú rẹ̀. Kẹ́ ẹ wá wo ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn: tí èyí tó wà lórí ọwọ́ aago bá funfun bí ẹyin, tí ti ojú sì ti pọ́n bí epo àná, àwọn méjèèjì kò jọ dàgbà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àlejò.

Ojú tó ṣá, tó sì jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀, sàn lójú tèmi ju ojú tó ń dán tí wọ́n kùn ní ọdún tó kọjá. Àwọn kan kò ní gbà fún mi. Ìyá kan tiẹ̀ lè bi mí pé kí lèèyàn ń fi aago tójú rẹ̀ ti di ẹ̀tẹ̀ ṣe lọ́jọ́ àríyá. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ti àríyá yàtọ̀ sí ti àkójọ.

Ó kan ìdérí ẹ̀yìn. Ẹ dojú Seiko dé, ẹ máa rí oríṣi òǹkà méjì. Àkọ́kọ́ á pín sí méjì, bíi 7009-876A. Mẹ́rin ìṣáájú, orúkọ ẹ́ńjìnnì ni. Mẹ́rin ìkejì, orúkọ ilé aago ni. Òǹkà kejì máa ń jẹ́ mẹ́fà, nígbà mìíràn méje. Èyí tó ṣáájú nínú rẹ̀ ni ìparí ọdún tí wọ́n ṣe é, èyí tó tẹ̀ lé e ni oṣù: 1 títí dé 9 fún oṣù Kìíní sí Ìkẹsàn-án, lẹ́tà O fún Ìkẹwàá, N fún Ìkọkànlá, D fún Ìkejìlá. Nítorí náà, tí ẹ bá rí 82 níbẹ̀rẹ̀, oṣù Kejì ọdún tó parí sí 8 ni: ó lè jẹ́ 1978, ó lè jẹ́ 1988. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ló máa jẹ́ ká mọ ẹ̀wádún tó jẹ́. Nísàlẹ̀ ojú aago náà, létí òǹkà mẹ́fà, ẹ máa rí lẹ́tà wínníwínní kan. Òǹkà mẹ́rin àkọ́kọ́ níbẹ̀ yẹ kó bá ti ẹ́ńjìnnì mu. Tí ìdérí ẹ̀yìn bá ní 7009, tí ẹ́ńjìnnì inú ní 7009, tí ojú wá ní 6119, wọ́n ti gbé ojú aago mìíràn wá. Kò gba ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lórí omi, ọ̀rọ̀ tiyín tún ní ti ara rẹ̀ lọ́tọ̀. Lára aago àtijọ́, ẹ lè rí àkọlé pé omi kò lè wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Òrùka rọ́bà tó wà lábẹ́ ìdérí àti ní ìdí kókó ẹ̀gbẹ́ ló ń mú ìlérí yẹn ṣẹ, rọ́bà kì í sì í pẹ́ tó irin. Ogún ọdún á sọ ọ́ di líle, á fọ́ wẹ́wẹ́. Bí omi òkun bá wá wọlé, iyọ̀ á wọlé tẹ̀ lé e. Omi á gbẹ, iyọ̀ kò ní lọ. Á jókòó sáàárín àwọn eyín-irin, á máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, irin á sì dógùn-ún láti inú. Ìta rẹ̀ á ṣì máa dán, torí irin tí kì í dógùn-ún ni wọ́n fi ṣe ilé rẹ̀. Sípíríǹgì àti ọ̀pá kókó inú ni yóò jẹ. Nítorí náà, tí ẹni tó ń tà á ní Igbókòdà tàbí ní Èkó bá sọ fún ẹni tó ń gbé ní Abereke, létí òkun Ìlàjẹ, pé òun ti fi rọ́bà tuntun sí i, pé òun ti pààrọ̀ kókó ẹ̀gbẹ́ tó ti jẹ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Páàtì àlejò yẹn ló máa jẹ́ kí aago náà bá yín kalẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, àfi tí ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán an wò bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má gbé aago tó ti tó ogójì ọdún wọ inú òkun. Ẹ bọ́ ọ sílé.

Tó bá jàjà bọ́ sómi, tí ẹ rí èéfín funfun lábẹ́ gíláàsì rẹ̀, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe lọ́jọ́ náà gan-an kó ṣí i, kó fọ iyọ̀ kúrò. Iyọ̀ kì í sùn.

Ẹ má rò pé àwa tálákà nìkan ni ọ̀rọ̀ páàtì àlejò ń bá jà. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Geneva. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé gbàǹjo kan tí wọ́n ń pè ní Phillips gbé Omega Speedmaster kan jáde, èyí tí wọ́n ní wọ́n ṣe ní 1957. Ojú rẹ̀ tó dúdú tẹ́lẹ̀ ti ṣá di àwọ̀ ilẹ̀, àwọn tó ń kó aago jọ sì fẹ́ràn irú ìyẹn ju tuntun lọ. Iye tí wọ́n fojú bù fún un ni 80,000 sí 120,000 fáráǹkì Súwísíláǹdì. Gbàǹjo bẹ̀rẹ̀. Owó ń gun orí owó, ó kọjá mílíọ̀nù kan, ó kọjá méjì, títí gbogbo owó rẹ̀ fi lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́ta àti ọ̀kẹ́ márùn-ún. Nígbà yẹn, kò tíì sí Omega tó pa irú owó bẹ́ẹ̀ rí.

Ta ló rà á? Ilé iṣẹ́ Omega fúnra rẹ̀ ni, fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń kó àwọn aago wọn àtijọ́ sí.

Nígbà tó di 2023, ìròyìn jáde. Omega kéde pé aago náà kì í ṣe ohun tí wọ́n pè é. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ páàtì inú rẹ̀ jẹ́ ti Omega lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara aago ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ṣa wọ́n jọ. Wọ́n ní àwọn mẹ́ta tó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn rí lọ́wọ́ sí i, àti pé ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀ka ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn gan-an ló wà. Ilé gbàǹjo ní àwọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ wo ìyẹn. Kò sí ọ̀dà Bombay nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ayédèrú orúkọ. Ojúlówó páàtì ló pọ̀ jù níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n pe àpapọ̀ wọn ní jìbìtì, nítorí àwọn páàtì náà kò jọ jáde nínú ilé kan náà lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì ní kí wọ́n jẹ́rìí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó máa ń sọ pé, “Ṣé kì í ṣe páàtì Seiko náà ni? Kí ló kù?” Ohun tó kù ni pé kí wọ́n sọ fún mi.

Ọdún mẹ́rin ṣáájú gbàǹjo Omega yẹn, ní New York, ilé gbàǹjo kan náà ta Rolex Daytona kan ní oṣù Kẹwàá 2017. Aago náà jẹ́ ti òṣèré fíìmù Amẹ́ríkà nì, Paul Newman. Owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún dọ́là. Rolex Daytona irú rẹ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ìdérí ẹ̀yìn aago yìí ni ìyàwó Newman, Joanne Woodward, ní kí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ ṣókí kan sí, pé kó máa rọra wakọ̀. Ká ní alátùn-únṣe kan ti yọ ìdérí ẹ̀yìn yẹn ju sínú agolo, tó sì fi tuntun tó ń dán rọ́pò rẹ̀ nítorí àwọn lẹ́tà ti ha á, mélòó ni ì bá kù nínú owó yẹn?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́jà tiwa. Tí ẹ bá fẹ́ ra aago àtijọ́, ẹ má béèrè pé, “Ṣé ojúlówó ni?” Bẹ́ẹ̀ ni ni yóò dá yín lóhùn, kò sí oníṣòwò tó máa ní rárá. Ẹ bi í pé: “Kí lẹ pààrọ̀ lára rẹ̀?” Ẹni tó bá mọ aago rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún yín: gíláàsì ni, rọ́bà ni, ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá ti ṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní, “Kò sí, bó ṣe wá láti Jàpáàn ló wà,” nípa aago ọdún 1975, ẹ máa fura. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ rí inú rẹ̀. Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń nájà, kó ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó bá ṣí i, kó ya ti lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀. Tó bá ní òun kò lè ṣí i, kí iye tí ẹ máa san jẹ́ iye aago tí a kò mọ inú rẹ̀.

Òfin wà lẹ́yìn yín pẹ̀lú. Òfin Ìdíje àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, sọ pé ẹni tó bá ń ta ohun àlòkù tàbí ohun tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn sí ẹni tó ń rà á pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè torí aago gbéra láti etí omi lọ fẹjọ́ sùn. Nítorí náà, rìsíìtì ni kẹ́ ẹ gbà. Kó kọ orúkọ aago, òǹkà ẹ̀yìn rẹ̀, àti àwọn páàtì tó pààrọ̀. Ẹni tó bá ń jiyàn láti kọ ọ́ sílẹ̀ ti sọ tẹnu rẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Iye ńkọ́? N kò ní dá owó lé e, torí náírà kì í dúró sójú kan. Ìlànà tí mo máa ń tẹ̀ lé ni pé tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ bá ti yí padà ṣùgbọ́n tí àwọn tó ń jẹ́rìí wà bó ṣe yẹ, mo lè san iye tí wọ́n pè tàbí kí n já díẹ̀. Tí ojú bá jẹ́ èyí tí wọ́n tún kùn, mo máa ń san iye aago àlòkù lásán, kì í ṣe ti àtijọ́. Tí ìdérí ẹ̀yìn kò bá bá ẹ́ńjìnnì mu, mi ò kì í ná an rárá, àfi tí alátùn-únṣe bá fẹ́ rà á fún agolo rẹ̀.

Ohun kan wà tó kọjá ọ̀rọ̀ owó. Àwọn aago tó ti ṣáájú àwọn ọdún 1960, pàápàá àwọn tó wá láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n fi rádíọ̀mù, èròjà olóró kan, sínú ọ̀dà wọn kó lè máa tàn lóru. Ní New Jersey ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọbìnrin tó ń kùn ún ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn máa ń fi ètè fún ẹnu búrọ́ọ̀ṣì pọ̀ kó lè mú. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn mìíràn jẹrà, àwọn kan kú. Ọ̀dà náà lè má tàn mọ́ lónìí, ṣùgbọ́n rádíọ̀mù inú rẹ̀ kò lọ. Á gbà á tó 1,600 ọdún kí agbára rẹ̀ tó dín sí ìlàjì. Tí ẹ bá rí irú aago bẹ́ẹ̀, tí ọ̀dà ojú rẹ̀ ti pọ́n tó sì ń rẹ̀ dànù, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi ṣeré, ẹ má sì jókòó máa fi ọ̀bẹ ṣí i nílé. Ẹ fi gíláàsì rẹ̀ sílẹ̀ ní pípadé.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹ ò ra nǹkan kan, aago bàbá yín ló wà nínú àpótí, tẹ́ ẹ sì fẹ́ kó máa rìn padà, ẹ gbé e lọ, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ sọ ohun méjì fún alátùn-únṣe kó tó fọwọ́ kàn án. Ẹ ní kó má fá ojú rẹ̀, kó má sì lọ ilé rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ pé òun fẹ́ kó máa dán. Ẹ ní kó pààrọ̀ ohun tó bá ti gbó, àmọ́ gbogbo páàtì tó bá yọ, títí kan kókó tó ti jẹ àti ọwọ́ tó ti ṣẹ́, kó kó wọn sínú ọ̀rá kékeré kan, kó dì í, kó sì fún yín padà pẹ̀lú aago.